Abẹ́rẹ́ tí a ń gún Màlúù nítorí Ọmọ Ènìyàn



Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní sáà tí ó kọjá, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni ó kàn wá láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. A bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹran jíjẹ, a sì kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó, èyí tí àwọn ọmọ náà kà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé: “Ẹran tí kò ṣàìsàn kò lè kó àìsàn ran ènìyàn.” Inú wa dùn sí ẹ̀kọ́ náà, nítorí kò sí ọmọ kan tí kò lè kà á lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a sì fi ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ wa han olùkọ́ wa, ó fi gègé fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn náà, ó sì bi wá léèrè pé: “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí àwọn ará Kánádà fi ṣe abẹ́rẹ́ fún màlúù tí kò ṣàìsàn rárá?” Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè dáhùn. Ó ní kí a lọ wá ìdáhùn rẹ̀ wá. Ohun tí a rí ni a kọ sí ìhín yìí, kí ẹ̀yin tí ẹ óò jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́ má baà ṣe irú àṣìṣe tí àwa ṣe.

1. Kòkòrò náà.

Ní ọdún 1885, Theodor Escherich, oníṣègùn àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Jámánì, rí kòkòrò kan nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́. Kòkòrò yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, àfi bí a bá fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Lẹ́yìn tí ó ti kú, a fi orúkọ rẹ̀ pe kòkòrò náà ní Escherichia coli. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà kòkòrò yìí kì í ṣe ọ̀tá wa rárá. Inú ìfun olúkúlùkù wa ni wọ́n ń gbé láti kékeré títí di ọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìdílé ńlá tí kì í ní ọmọ líle kan nínú. Ní ọdún 1982, ní ìpínlẹ̀ Oregon àti Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan jẹ ẹran màlúù lílọ̀ tí a dín, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n gidigidi, wọ́n sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Nígbà tí a yẹ ọ̀ràn náà wò, ẹ̀yà kan nínú ìdílé Escherichia coli ni a rí, èyí tí àwọn onímọ̀ fi àmì O157:H7 sí lára. Àwa yóò máa pè é ní O157 nínú ìwé yìí.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí a máa bẹ̀rù O157. Èkíní, kò di ìgbà tí ó bá pọ̀ kí ó tó ṣe ibi. Ìwọ̀nba tí kò tó 100 nínú wọn ti tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Èkejì, ó ń tu oró. Oró yìí a máa ba ìfun jẹ́, a sì máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ títí dé inú kíndìnrín, pàápàá jù lọ lára àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ bá sì dẹ́kun iṣẹ́, ó wà nínú ewu ikú. Ẹ̀kẹta, oògùn apakòkòrò tí àwọn oníṣègùn fi ń wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn mìíràn kò ṣeé gbára lé níhìn-ín, nítorí ó lè mú kí kòkòrò náà tú oró sí i. Nítorí náà, nínú ọ̀ràn yìí ju ti ọ̀pọ̀ àrùn lọ, kí a dènà rẹ̀ sàn ju kí a wò ó lọ.

2. Màlúù kò mọ̀ pé òun gba àlejò.

Inú ìfun màlúù ni ibùgbé O157, àti ti àwọn ẹran mìíràn tí ń jẹ àpọ̀jẹ bí àgùntàn. Ìyanu ibẹ̀ ni pé màlúù tí ó gbé e kì í ṣàìsàn. Ó ń jẹko, ó ń fún ni ní wàrà, ó ń sanra, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ìdí rẹ̀ ni èyí: oró O157 dà bí kọ́kọ́rọ́, ara ènìyàn ní ihò tí kọ́kọ́rọ́ náà wọ̀, ìfun màlúù kò sì ní irú rẹ̀. Bí olówó màlúù bá yẹ ẹran rẹ̀ wò láti orí dé ìrù, kò ní rí ohun kan tí yóò bà á lẹ́rù.

Ní òpin ìfun, níbi tí ó kù díẹ̀ kí ìgbẹ́ jáde, ni O157 fẹ́ràn láti máa pọ̀ sí i. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń bá ìgbẹ́ jáde sórí koríko, sára awọ ẹran, àti sínú odò. Ní ibi tí a ti ń pa ẹran, bí a bá ń bó awọ tàbí tí a ń yọ ìfun láìṣọ́ra, ó lè ta sára ẹran tí a óò jẹ. Bí ó bá jẹ́ pé òdindi ẹran ni a fi sórí iná, ẹ̀yìn ẹran ni kòkòrò náà wà, iná a sì tètè pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ ẹran náà, èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn a di èyí tí ó wà ní àárín, níbi tí ooru kì í tètè dé. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ooru àárín ẹran lílọ̀ tó 71 nínú ìwọ̀n Celsius kí a tó jẹ ẹ́.

Ẹ wò ó báyìí bí gbólóhùn tí a kọ sójú pátákó ti ṣubú. Ẹran tí kò ṣàìsàn lè kó àìsàn ran ènìyàn.

3. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Walkerton.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, “Kí olúkúlùkù se ẹran rẹ̀ jinná, ọ̀ràn parí.” Àwa náà wí bẹ́ẹ̀, títí a fi ka ìtàn Walkerton.

Walkerton jẹ́ ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ju bí 5,000 lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àgbàrá wọ́ ìgbẹ́ màlúù láti oko kan tí ó wà nítòsí, ó sì wọ inú ọ̀kan nínú àwọn kànga tí ìlú ń mu. Ó yẹ kí a fi oògùn apakòkòrò tó sínú omi náà, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi ṣe alábòójútó omi kò fi í tó. Wọ́n tilẹ̀ ń kọ iye tí kì í ṣe òtítọ́ sínú ìwé tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. O157 wà nínú omi náà, pẹ̀lú kòkòrò mìíràn. Ènìyàn tí ó ju 2,300 lọ ni ó ṣàìsàn, àwọn 7 sì kú.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà yan adájọ́ kan, Dennis O'Connor, láti wádìí ọ̀ràn náà, ó sì gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Ó bá àwọn alábòójútó omi wí, ó sì fi àìtó hàn lọ́dọ̀ ìjọba pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ti àgbẹ̀ tí ìgbẹ́ màlúù ti oko rẹ̀ wá, ó wí pé kò ní ẹ̀bi: bí ó ti yẹ kí a máa tọ́jú ìgbẹ́ ẹran ni ó ṣe tọ́jú tirẹ̀. Àwọn màlúù náà kò ṣàìsàn. Àwọn tí ó kú kò jẹ ẹran tútù. Omi ni wọ́n mu nínú ilé ara wọn. Ọmọdé tí ó mu omi nínú ife kò lè se ẹran aládùúgbò rẹ̀ jinná fún un.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Sakai ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1996, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ṣàìsàn nípasẹ̀ O157 lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀hù ewébẹ̀ kan ni a fura sí, kì í ṣe ẹran. Àwa tí a óò máa dúró ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, kò yẹ kí a fi ojú kékeré wo ìtàn yìí.

4. Bí abẹ́rẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Bí kò bá ṣeé ṣe láti dúró ti gbogbo ìkòkò, gbogbo kànga àti gbogbo ewébẹ̀, ǹjẹ́ a kò lè lọ dá kòkòrò náà dúró ní ibùgbé rẹ̀ gan-an? Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ bi ara wọn nìyí.

Ẹ rántí pé láti ara màlúù ni ìbupá ti kọ́kọ́ wá bá wa. Ní ọdún 1796, Edward Jenner, oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú omi egbò àrùn màlúù láti ọwọ́ obìnrin kan tí ń fún wàrà, ó sì fi bupá fún ọmọkùnrin kan, kí ṣọ̀pọ̀ná má baà lè mú un. Ní ayé ìgbà náà, màlúù ni ó ran ènìyàn lọ́wọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Nísinsìnyí a fẹ́ gún màlúù ní abẹ́rẹ́, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀, bí kò ṣe nítorí ènìyàn kan náà.

Kí a tó lè mọ bí a ó ti lé àlejò jáde, a ní láti mọ bí ó ti wọlé. Brett Finlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà ṣàwárí ohun kan tí ó yani lẹ́nu. Àwọn kòkòrò mìíràn a máa wá ibi tí wọn óò dì mú lára ìfun. Ṣùgbọ́n O157 kò dúró de ohun tí onílé yóò fún un. Ó ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ tí ó fi ń gún ara ìfun, ó sì ń rọ ohun tí ó gbé lọ́wọ́ wá sínú rẹ̀. Ohun náà a yọ sókè, kòkòrò a sì dì mọ́ ọn gírígírí. Ó dà bí àlejò tí ó ká ẹní rẹ̀ lọ́wọ́ wá, tí ó tẹ́ ẹ sí yàrá onílé láìgba àṣẹ, tí ó sì dùbúlẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú àwọn ohun tí O157 ń tú jáde láti fi dì mọ́ ìfun, wọ́n sì fi wọ́n ṣe abẹ́rẹ́. Bí a bá gún màlúù ní abẹ́rẹ́ yìí ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ara rẹ̀ yóò kọ́ láti dá ohun wọ̀nyí mọ̀, yóò sì máa dènà wọn. Nígbà tí O157 bá dé, kò ní rí ibi tẹ́ ẹní sí. Ìgbẹ́ yóò sì gbá a lọ. Ní ọdún 2008, ìjọba Kánádà fún abẹ́rẹ́ yìí, tí a ń pè ní Econiche, ní ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ọdún 2009, a fi àṣẹ tí ó ní ìdè sí òmíràn, tí ó gba ọ̀nà mìíràn: kòkòrò kò lè wà láàyè láìsí irin díẹ̀, abẹ́rẹ́ kejì yìí a sì máa kọ́ ara màlúù láti dí ẹnu ọ̀nà tí irin ń gbà wọ inú O157.

5. Èrè rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kì í pa gbogbo O157 run. Kò sì yẹ kí olùkọ́ kan wí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas sọ èsì ìdánwò tí wọ́n ṣe lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kejì tí a sọ yìí. Iye màlúù tí ń ya O157 dínkù ní ohun tí ó lé ní ìdajì. Iye àwọn tí ń yà á lọ́pọ̀lọpọ̀ sì dínkù ní ohun tí ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí, nítorí inú rẹ̀ ni agbára abẹ́rẹ́ náà wà. Kì í ṣe gbogbo màlúù ni ó ń tú kòkòrò yìí jáde ní ìwọ̀n kan náà. Díẹ̀ nínú agbo ni ó ń tú èyí tí ó pọ̀ jù lọ jáde, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé nínú kíláàsì, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń pa ariwo tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń gbọ́. Bí a bá pa àwọn wọ̀nyí lẹ́nu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ tí yóò wà yóò ju iye wọn lọ. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Scotland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìṣirò ọ̀ràn yìí, wọ́n sì wí pé bí a bá gún àwọn màlúù ní abẹ́rẹ́, ó lè mú kí iye ènìyàn tí O157 ń ṣe dínkù ní nǹkan bí ìdá 85 nínú 100. Ìṣirò ni èyí. A kò tí ì fi gbogbo ìlú kan dán an wò. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí ó ní ìrètí nínú ni.

6. Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ ti dára tó yìí, ẹ óò rò pé àwọn àgbẹ̀ Kánádà sáré lọ ra abẹ́rẹ́ náà. Wọn kò sáré. Díẹ̀ ni ó rà á. Ṣé ìkà ni wọ́n? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò wọn. Abẹ́rẹ́ náà kò mú kí màlúù sanra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi kọ́bọ̀ kan lé owó ẹran nítorí rẹ̀. Àgbẹ̀ ní láti kó agbo rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iṣẹ́ ńlá sì ni. Lẹ́yìn èyí, ní ibi tí a ti ń lọ ẹran, a óò da ẹran tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀ tí kò gún abẹ́rẹ́ kankan. Ẹni tí ń náwó kọ́ ni ẹni tí ń jèrè.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa. Láti ọdún 1924 ni ilé ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, ní apá Jos, tí a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ fún màlúù. Àrùn kan tí a ń pè ní rinderpest a máa pa agbo màlúù run láàárín ọjọ́ díẹ̀. Darandaran tí ó bá rí èyí lójú ara rẹ̀ kò fẹ́ kí a wàásù fún òun kí ó tó fa màlúù rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Nípa irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ni a fi kéde ní ọdún 2011 pé rinderpest ti tán lórí ilẹ̀ ayé. Ẹni tí ó ń jèrè ni ó mú ẹran rẹ̀ wá.

Síbẹ̀ kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà. Adìẹ tí ó gbé kòkòrò Salmonella kì í sábà ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1998, àwọn olùsìn adìẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ àmì kìnnìún sára ẹyin wọn ní láti gún adìẹ wọn ní abẹ́rẹ́ Salmonella. Àwọn tí ń ra ẹyin a wá àmì náà, àwọn ìsọ̀ ńlá a sì béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó abẹ́rẹ́ ṣe wọ inú owó ẹyin, tí gbogbo ẹni tí ń jẹ ẹ́ sì pín in san díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2017, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ níbẹ̀ wí pé àwọn aboyún, àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó lè jẹ ẹyin tí ó ní àmì yìí bí kò tilẹ̀ jinná le. Ohun tí ó ṣòro fún ẹnì kan láti gbé, gbogbo ọjà gbé e.

7. Ohun tí àwa olùkọ́ yóò fi kọ́ni.

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. A ti mọ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀ràn màlúù yìí ni ó jẹ́ kí a rí bí ó ti jinlẹ̀ tó. Ìlera ọmọ tí ń mu omi ní ìlú wà lọ́wọ́ màlúù tí ó wà ní oko ẹlòmíràn. Ìlera kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè rà fún ara rẹ̀ nìkan.

Nígbà tí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ọwọ́ wọn tó: kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ẹran tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, kí a se ẹran jinná dé àárín, kí a má fi ọ̀bẹ tí a fi gé ẹran tútù gé ewébẹ̀ tí a óò jẹ ní tútù kí a tó fọ̀ ọ́, kí a se wàrà kí a tó mu ún, kí a má sì jẹ́ kí màlúù dúró sórí orísun omi tí ìlú ń mu. Abẹ́rẹ́ kò rọ́pò ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn pẹ̀lú pé àwọn ohun kan wà tí ọwọ́ ẹnì kan kò tó, tí ìlú ní láti pawọ́ pọ̀ ṣe.

Ní ti àwa, a ti bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí a ti lọ dánra wò pé kí ó fún wa ní ìdajì wákàtí kan ní kíláàsì kẹrin, ó sì ti gbà. A óò kọ gbólóhùn àtijọ́ náà sójú pátákó bí ó ti wà, a óò sọ fún àwọn ọmọ náà pé àwa ni a ṣì í, a óò sì fi ọwọ́ ara wa nù ún. Èyí tí a óò kọ sí ipò rẹ̀ ni pé: “Ẹran tí kò ṣàìsàn lè gbé kòkòrò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ ara wa, kí a sì máa ṣọ́ ẹnì kejì wa.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ka ti àkọ́kọ́. Bí ó bá gbà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kí ti ìkẹyìn yìí tó lé e jáde, a óò dúró.